Kíákíá, Fínnífínní àti Kéèkì Bàbá Ìbejì

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, àwọn ìgbìmọ̀ kò rí irú rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ àwọn ìgbìmọ̀ yìí kan náà ló dá ẹjọ́ ewúrẹ́ tó jẹ ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó. Ẹ̀gbọ́n ló pe àbúrò rẹ̀ lẹ́jọ́. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ètò kọ̀ǹpútà ni àwọn méjèèjì ń kọ, inú yàrá kan náà ni wọ́n sì ti ń kọ ọ́, yàrá tí ìyá wọn ti ń ránṣọ kó tó di olóògbé. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Fínnífínní, torí pé bó bá fẹ́ mu omi, á kọ́kọ́ yẹ ìdí ife wò. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni wọ́n ń pè ní Kíákíá, torí pé òun á ti mu omi náà tán kó tó béèrè bóyá omi mímu ni.

Kíákíá jókòó sórí àga olùjẹ́jọ́, ó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ jẹ́jẹ́. Àpò kan wà lábẹ́ àga rẹ̀ tó ti dì láti àárọ̀. Ìtanràn kò bà á lẹ́rù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ pé òun máa béèrè lọ́wọ́ ààfin: kí wọ́n ní kó jáde kúrò nínú yàrá ìyá wọn. Ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹni tó bá wò ó, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an.

Kábíyèsí jókòó. Ìyá Aránṣọ wà lápá ọ̀tún, òun àti ìyá àwọn ọmọ wọ̀nyí jọ kọ́ṣẹ́ ni. Baba Olóorun wà lápá òsì. Baba yìí ló dàgbà jù nínú ìgbìmọ̀, ó sì ní ìwà kan: á bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, á sùn lọ láàárín rẹ̀, bó bá sì jí, á tẹ̀síwájú láti orí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó mí láti ìgbà náà. Baba ló kọ́kọ́ dìde.

"Kábíyèsí, kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn yìí…"

Ó jókòó, ó sùn.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ni Kábíyèsí wí. "Olùpẹjọ́, kí ló dé?"

Fínnífínní dìde, ó tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Kí adé pẹ́ lórí, Kábíyèsí. Ọmọ ìyá mi yìí ti bà mí lórúkọ jẹ́. Ó yọ iṣẹ́ ọwọ́ mi kúrò nínú kọ̀ǹpútà Ìyá Oníbúrẹ́dì, kò sọ fún mi, ó fi tirẹ̀ síbẹ̀. Tirẹ̀ sì ya wèrè."

"Iṣẹ́ wo lo ń wí?"

"Kòrútìn ni, Kábíyèsí."

Kábíyèsí wo Ìyá Aránṣọ. Ìyá Aránṣọ wo àjà.

"Ṣé jíjẹ ni?"

"Rárá o. Iṣẹ́ tó lè dúró láàárín méjì ni, kó yẹra fún iṣẹ́ mìíràn, kó sì tún padà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí gan-an láìgbàgbé nǹkan kan. Ètò kan ṣoṣo ló ń dá gbogbo oníbàárà Ìyá Oníbúrẹ́dì lóhùn lórí fóònù. Bí oníbàárà kan bá ń ronú ohun tó fẹ́ rà, ètò náà á fi í sílẹ̀, á lọ dá ẹlòmíràn lóhùn, á tún padà…"

Baba Olóorun la ojú. "…tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà, ó ní àlébù kan tó jẹ́ pé…"

Ó tún sùn.

"Òun nìyẹn, Kábíyèsí!" ni Kíákíá pariwo, ó ń nàka. "Kòrútìn rèé! Ẹ wo ibi tí Baba ti bẹ̀rẹ̀!"

Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Kábíyèsí mi orí.

"Ó ti yé mi. Baba Olóorun ni. Kí wá ni ìjà?"

"Ìjà wà lórí bí wọ́n ṣe ń sùn, Kábíyèsí, àti bí wọ́n ṣe ń jí," ni Fínnífínní dáhùn. "Àwọn kọ̀ǹpútà kan wà tó jẹ́ ẹbí. Orúkọ ẹbí wọn ni Yúníìsì. Ọmọ bàbá kan náà ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ìyá wọn yàtọ̀ síra, bí wọ́n sì ṣe tọ́ kálukú nílé yàtọ̀. Òmíràn mọ bí iṣẹ́ ṣe ń dúró tó sì ń padà. Òmíràn ò mọ̀ ọ́n rárá. Òmíràn mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, àmọ́ àwọn àgbà ẹbí ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n ní ó ti di ti àtijọ́."

"Ẹbí wo ni kò rí bẹ́ẹ̀?" ni Ìyá Aránṣọ bi í.

"Ìdí nìyẹn, ìyá, tí èmi fi ń fọwọ́ ara mi gbẹ́ tèmi. Fún irú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, mo máa ń jókòó, mo máa ń kọ ọ́ ní èdè tí ẹ̀rọ náà gan-an fi ń ronú. Ó ń yá, kì í ṣìnà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Kì í bàjẹ́ lóòótọ́," ni Kíákíá wí. "Kì í kàn tètè dé ni."

"Dákẹ́," ni Kábíyèsí wí. Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n. "Bí ẹ̀rọ tí o kò mọ̀ bá wá ńkọ́?"

"Á dúró dè mí."

"Títí dìgbà wo?"

Fínnífínní wo bàtà rẹ̀. "Títí n ó fi gbẹ́ tirẹ̀ tán."

"Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi bọ̀ọ̀dá mi léèrè ohun tí ètò wọn sọ fún kọ̀ǹpútà Ìyá Oníbúrẹ́dì."

"Kí ló sọ?"

Fínnífínní wú ikọ́. "Ó ní, 'N kò mọ orúkọ rẹ. Máa lọ.'"

"Fún kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé e sórí rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí."

Kábíyèsí fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Olùjẹ́jọ́, ó kàn ọ́. Ṣé òótọ́ ni o yọ iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Òótọ́ ni, Kábíyèsí. Mo yọ ọ́ bí ẹni yọ ẹ̀gún. Gbogbo ọmọ Yúníìsì ló ní àpótí irinṣẹ́ tí wọ́n fún un láti ilé. Kí ni mo fẹ́ máa gbẹ́ nǹkan fún? Bí ètò mi bá dé ẹnu ọ̀nà, á kàn béèrè pé, 'Ẹ ǹlẹ́ o, ṣé irinṣẹ́ ìdúró-àti-ìpadà wà nílé?' Bí wọ́n bá ní ó wà, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

"Kọ̀ǹpútà Ìyá Oníbúrẹ́dì sì dáhùn?"

"Ó dáhùn, Kábíyèsí. Ó ní ó wà."

"Ṣé ó wà lóòótọ́?"

"Ó wà. Kò kàn ṣiṣẹ́ ni."

Àwọn ìgbìmọ̀ ń wo ara wọn.

"Ó wà, kò sì ṣiṣẹ́?"

"Wọ́n gbé e síbẹ̀ nítorí àlejò ni, Kábíyèsí. Ẹ ti rí ẹni tó gbé fìríìjì sí pálọ̀, tó wá ń kó bàtà sínú rẹ̀."

"O kò dán an wò?"

Ibí yìí ni Kíákíá ti na ara rẹ̀ tán. Ó ti ń pèsè àwáwí yìí sílẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi ìwé ìpẹ̀jọ́ ránṣẹ́ sí i, ó sì gbà lọ́kàn rẹ̀ pé kò sí ìgbìmọ̀ tó lè dìde kúrò lábẹ́ rẹ̀.

"Kábíyèsí, kọ̀ǹpútà yẹn ti pẹ́ láyé. Láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, bàbá arúgbó ni. Àgbàlagbà wá sọ fún mi pé òun ní nǹkan nílé. Ṣé kí èmi ọmọdé wá ní, 'Ẹ mú un jáde kí n fojú rí i'? Ìyá wa kò tọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ló kó bá mi. Bí ẹ bá fìyà jẹ mí lórí rẹ̀, àwọn ọmọ ìlú á bẹ̀rẹ̀ sí í bú àgbà."

"Irọ́ ni!" Fínnífínní fò sókè. "Kánjúkánjú ló ń ṣe é! Bí ó bá ń wẹ̀, ọṣẹ gan-an kì í rí i!"

"Ẹ pe ẹlẹ́rìí," ni Kábíyèsí wí, ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra.

Ìyá Oníbúrẹ́dì wọlé, ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá. Ó ti gbé kọ̀ǹpútà náà wá pẹ̀lú, ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì.

"Ètò ta ló dára jù nínú ti àwọn méjèèjì?"

"Ti Fínnífínní kò ṣí rárá. Ti Kíákíá ṣí, ó dára gan-an."

"Kò ní wàhálà?"

"Kò ní wàhálà kankan, Kábíyèsí."

"Kí ló wá gbé ọ wá síbí?"

"Wàhálà tó dá sílẹ̀ ni."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kò ní wàhálà."

"Òun kò ní, Kábíyèsí. Àwa la ní in." Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀. "Ọ̀gá Tíṣà tó fẹ̀yìn tì níléèwé ló pè, ó ní kí n bá òun ṣe kéèkì ìfẹ̀yìntì. Ó ń ronú ohun tí n ó kọ sórí rẹ̀. Ètò fi í sílẹ̀ pé kó máa ronú, ó lọ dá ìyá kan lóhùn tó ń ra kéèkì fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì. Ìgbà tó padà sọ́dọ̀ Ọ̀gá Tíṣà, kò padà síbi tí Ọ̀gá Tíṣà dúró sí mọ́. Ibi tí ìyá yẹn dúró sí ló padà sí."

"Kí lo wá kọ sórí kéèkì?"

"Ohun tí kọ̀ǹpútà ní kí n kọ ni."

"Kí ló ní kí o kọ?"

Ìyá Oníbúrẹ́dì fi ọwọ́ bo ẹnu, ìyẹ̀fun kùn ún nímú. "'Bàbá Ìbejì, ẹ kú ewu ọmọ.'"

Gbọ̀ngàn dàrú. Ọkùnrin kan tó gbó dáadáa, tó wọ kóòtù tó sì fi kálàmù sápò àyà, dìde láti ẹ̀yìn. Ọ̀gá Tíṣà fúnra rẹ̀ ni.

"Ẹ ń rẹ́rìn-ín! Mo ti ní ọmọ-ọmọ nílé, Kábíyèsí! Níwájú gbogbo olùkọ́ ni wọ́n ti ṣí kéèkì yẹn! Ìyàwó mi kà á, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà, ó tún un kà. Ó ní, 'Àwọn ìbejì dà?'"

"Kí lo fi dá a lóhùn?"

"Mo ní n kò tíì fojú kàn wọ́n."

"Háà!" ni gbogbo ìgbìmọ̀ wí lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ìpáyà ló mú mi! Láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń se oúnjẹ ara mi."

"Kéèkì náà ńkọ́? Ó dára?"

"Kò dára rárá, Kábíyèsí. Ó gbẹ."

"Ta ló wá jẹ ẹ́ tán?" ni Ìyá Oníbúrẹ́dì jágbe mọ́ ọn.

"Mo jẹ ẹ́ kí ẹ̀rí lè parẹ́ ni."

Kábíyèsí gan-an kò lè pa á mọ́ra mọ́, ó fi agbádá bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Ìyá Aránṣọ ń nu omijé. Kíákíá náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kó tó rí i pé ojú ẹ̀gbọ́n òun kò tú ká rárá.

"Ẹ̀rín ni fún yín," ni Fínnífínní wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Orúkọ ìyá mi ló wà lókè ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ yẹn. Kò rán aṣọ kan kó fi àlàfo sílẹ̀ rí títí ó fi kú. Ohun tí mo ń béèrè kò ju ọ̀kan lọ, Kábíyèsí. Kí ààfin ní kí ó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Èmi ò lè bá a ṣe mọ́."

 Ó dun Kíákíá ju bó ṣe rò lọ. Nílé, wọ́n ti pariwo ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra wọn, ṣùgbọ́n pípariwo rọrùn láti gbà. Ohùn jẹ́jẹ́ yìí ló fi mọ̀ pé ó dénú.

"Ṣé àwọn ọmọ tó jọ ń rán aṣọ kan ṣoṣo nìyí?" ni Ìyá Aránṣọ wí, kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ ní pàtó. "Maṣíìnì kan ni ìyá wọn ní, ọmọ méjì. Bí èyí bá rán díẹ̀, á dìde, ìyẹn á jókòó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń bá wọn sọ: 'Ẹni tó bá ń dìde, kó gún abẹ́rẹ́ síbi tó dé, kí èkejì má baà wá ojú iṣẹ́ tì.'"

Kíákíá rántí. Ó rántí ọjọ́ tí Fínnífínní binú dìde láìgún abẹ́rẹ́, tí òun sì rán apá aṣọ ìyàwó ẹni ẹlẹ́ni mọ́ ọrùn. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ tú u, ìyá wọn kò sì bá èyíkéyìí wí nínú wọn.

"…tó jẹ́ pé bí ẹ bá tì í pa…" ni Baba Olóorun wí. Ọ̀rọ̀ kò kọjá ibẹ̀.

Kábíyèsí bọ́ fìlà, ó gbé e lé orúnkún. "Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ọ̀nà tí Fínnífínní ń gbà, ó ń lé àlejò. Ọ̀nà tí Kíákíá ń gbà, ó ń bímọ fún arúgbó. Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn ni?"

"Ẹ kàn gba òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan," ni Ìyá Aránṣọ dá sí i.

"Wọ́n á jẹ ilé náà run, ìyá," ni Kíákíá dáhùn. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fìrí. "Ọ̀nà kan ṣì wà, Kábíyèsí."

"Má sọ ọ́," ni Fínnífínní wí.

"Ẹ jẹ́ n sọ ọ́, bọ̀ọ̀dá mi."

"Nínú ààfin?"

"Sọ ọ́!" ni Kábíyèsí pàṣẹ.

"A máa ń dẹ́rù ba ẹ̀rọ náà ni, Kábíyèsí. A ó ti tẹ́ yàrá kékeré kan sílẹ̀ fún un, a ó ní bí ìdágìrì bá dé, ibẹ̀ ni kó sá sí. A ó wá fúnra wa pariwo ìdágìrì. Á sá wọbẹ̀. Bó bá ti wọlé báyìí, a ó sàmì síbi tó dúró sí, a ó ní irọ́ ni, kó máa bọ̀. Láti ìgbà náà, yàrá yẹn ti di tiwa, ìgbàkígbà tó bá wù wá la lè fò padà sídìí àmì wa."

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ọmọ Yúníìsì ló gbà á."

"Kí ló wá burú nínú rẹ̀?"

"Kò wuyì!" ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wí pa pọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí láti àárọ̀ nìyẹn, ó sì ya àwọn méjèèjì lẹ́nu.

Kábíyèsí dìde. Ó lọ síbi ògiri, ó ká aṣọ títa kan sókè. Bíríkì tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò bá tàwọn yòókù mu, ihò kan tí orí èèyàn lè gbà sì ṣì wà láàárín wọn.

"Nígbà tí mo fẹ́ gba awakọ̀, ẹnì kan kọ́kọ́ wá. N kò mọ ilé bàbá rẹ̀, mo ní kó máa lọ. Òun ló ń wa ọba ìlú kejì báyìí, wọ́n ní bó bá ń wa ọba yẹn, tíì kì í dà nínú ife. Èkejì wá. Mo bi í pé, 'Ṣé o mọ mọ́tò wà?' Ó ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí.' Mo gbà á síṣẹ́. Ibi tó gbà wọlé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán nìyí." Ó fi aṣọ náà sílẹ̀. "Ẹ̀kẹta wá. Mo ní kó wa mọ́tò yí ààfin ká, kó padà síbi tó ti gbéra. Ó lọ, ó bọ̀. Òun náà ló ń gbé mi kiri títí dòní. Kò rẹwà o."

Ó jókòó.

"Ìdájọ́ rèé. Fínnífínní, o jẹ̀bi, orúkọ lo wò, o kò wo iṣẹ́. Kíákíá, o jẹ̀bi, ẹnu lo gbọ́, o kò wo iṣẹ́. Láti òní lọ, bí ètò yín bá dé orí ẹ̀rọ tí Fínnífínní ti gbẹ́ nǹkan sílẹ̀ fún, èyí tó gbẹ́ ni kó lò. Bí kò bá sí, kó béèrè irinṣẹ́ ilé, bí Kíákíá ṣe ń béèrè. Ṣùgbọ́n 'ó wà' kò tó! Kó ní kó dúró, kó lọ, kó padà. Bó bá padà síbi tó yẹ, ẹ lò ó. Bó bá ṣìnà, ẹ gba ọ̀nà tí kò wuyì. Kò sí ẹ̀rọ kankan tí ẹ máa lé lẹ́nu ọ̀nà mọ́."

"Kábíyèsí ó!" ni gbọ̀ngàn dáhùn.

"N kò tíì dé orí ìyà. Àga kan, kọ̀ǹpútà kan. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa kọ ètò náà, níbí, nísinsìnyí. Ẹnì kan á jókòó. Bí mo bá pàtẹ́wọ́, á dìde, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀ tó. Èkejì á jókòó, á tẹ̀síwájú láti ibi tó bá a. Ẹni tó bá pa iṣẹ́ èkejì rẹ́, òun ni yóò máa jókòó ti Baba Olóorun títí wọn á fi sọ̀rọ̀ tán. Bí ẹ kò bá parí, ẹ ò jáde. Ẹ̀ṣọ́, ti ilẹ̀kùn!"

Ẹ̀ṣọ́ ti ilẹ̀kùn gbàù.

Baba Olóorun ta jí. "…bí ẹ bá tì í pa, kò ṣeé ṣí láti inú mọ́. Ọ̀dọ̀ káfíńtà nìkan ni ojútùú rẹ̀ wà. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn."

 Ẹ̀ṣọ́ fa ọwọ́ ilẹ̀kùn, ọwọ́ ilẹ̀kùn sì bá a wá.

"Mo ní ìyàwó nílé!" ni Ọ̀gá Tíṣà kígbe.

"Ṣé èyí tí kò se oúnjẹ fún ọ mọ́?" ni Kábíyèsí bi í.

"Bí ó bá rí i pé n kò wálé, á ní ọ̀dọ̀ àwọn ìbejì ni mo wà!"

Ẹ̀ṣọ́ ki orí bọ ihò tí awakọ̀ kejì ṣe sílẹ̀, ó ń ké pe káfíńtà sí ìta. Kábíyèsí sì pàtẹ́wọ́, torí pé ìdájọ́ ni ìdájọ́.

Fínnífínní ló kọ́kọ́ jókòó. Ó ń kọ, ó ń pa á rẹ́, ó ń tún un kọ. Kábíyèsí pàtẹ́wọ́, ó dìde bí ẹni tí wọ́n fa eyín rẹ̀ yọ. Kíákíá jókòó, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, kò mọ orí, kò mọ ìdí.

"Ibo lẹ dúró sí?"

"Wá a."

Ó wá a títí ìgbà tirẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìgbà tí wọ́n tún pàtẹ́wọ́, òun náà fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ ní ìdajì, ó dìde, ó ká apá mọ́ àyà. Fínnífínní náà wá a títí. Bí wọ́n ṣe ń fìyà jẹra wọn nìyẹn, tí iṣẹ́ kò kúrò lójú kan, tí àwọn ìgbìmọ̀ sì ń wo ilẹ̀kùn.

"Ìyá yín ṣe wàhálà lásán," ni Ìyá Aránṣọ wí. Kò gbé ohùn sókè.

Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ.

Kábíyèsí tún pàtẹ́wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, Fínnífínní kò dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó tẹ nǹkan kan wàràwàrà, òun tí kì í tẹ nǹkan wàràwàrà, ó wá dìde, ó lọ dojú kọ aṣọ títa tó wà lára ògiri bí ẹni pé àwòrán wà lára rẹ̀. Kíákíá jókòó. Àga náà ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Láàárín iṣẹ́, ní ibi tí kò yẹ kí ọ̀rọ̀ èèyàn wà, ó rí ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ síbẹ̀:

"Abẹ́rẹ́ rèé. Ibí ni mo dé."

Omi bọ́ lójú Kíákíá, ó sì jẹ́ kó bọ́. Ó fẹ́ yíjú wẹ̀yìn sọ nǹkan, ṣùgbọ́n ó mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí ó bá sọ ọ̀rọ̀ kan báyìí, á ní eruku ló wọ òun lójú. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí abẹ́rẹ́ wà, ó ń bá a lọ. Ìgbà tí wọ́n pàtẹ́wọ́, ó gún tirẹ̀ náà kó tó dìde.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ọ̀kan ń dìde, ọ̀kan ń jókòó, Kábíyèsí sì ń pàtẹ́wọ́ títí tó fi rẹ̀ ẹ́, tí Ìyá Aránṣọ gbà á ṣe. Nígbà tó yá, wọn ò dúró de àtẹ́wọ́ mọ́.

Wọ́n gbé ètò náà sórí kọ̀ǹpútà Ìyá Oníbúrẹ́dì. Ó bi í bóyá irinṣẹ́ wà nílé. Kọ̀ǹpútà ní ó wà. Ètò ní, ó dáa, dúró, lọ, padà. Kọ̀ǹpútà lọ, kò padà. Ètò kò bínú, kò sì ní kó máa lọ. Ó gba ọ̀nà tí kò wuyì.

"Ọ̀gá Tíṣà, ẹ pè é," ni Kábíyèsí wí. "Ìyá Aránṣọ, ẹ̀yin náà ẹ pè."

Ọ̀gá Tíṣà mú fóònù. "Mo fẹ́ kéèkì kan fún ìyàwó mi. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ sórí rẹ̀… ẹ jẹ́ n ronú."

Ètò fi í sílẹ̀, ó dá Ìyá Aránṣọ lóhùn, ó kọ búrẹ́dì tí ìyá náà fẹ́ sílẹ̀, ó padà. 

"Ẹ káàbọ̀, Ọ̀gá Tíṣà," ni ohùn inú fóònù wí. "Ẹ ń ronú ohun tí a ó kọ sórí kéèkì ìyàwó yín."

"Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà!" ni Ọ̀gá Tíṣà kígbe. "'Kò sí ìbejì níbì kankan!'"

Ariwo tó sọ, orí ihò ni ẹ̀ṣọ́ ti gbọ́ ọ. Àsìkò yẹn náà ni ilẹ̀kùn ń dún gìrì-gìrì, tí káfíńtà sì ṣí i láti ìta, pẹ̀lú èébú díẹ̀ fún ẹni tó kùn ún lọ́dà.

"Fínnífínní," ni Kábíyèsí wí, "o ní kí àbúrò rẹ kó ẹrù jáde. Àpò rẹ̀ ti wà ní dídì. Ilẹ̀kùn ti ṣí. Kí n sọ ọ́?"

Ẹsẹ̀ Kíákíá dúró lórí ilẹ̀. Fínnífínní bẹ̀rẹ̀, ó fa àpò jáde lábẹ́ àga, ó gbé e kọ́ èjìká ara rẹ̀.

"Ó wúwo. Kí lo kó sínú rẹ̀?"

Kíákíá wo ilẹ̀. "Sísọ́ọ̀sì Ìyá wa."

"Mo mọ̀! Mo ti ń wo ibi tó máa ń wà lára ògiri láti àárọ̀, inú ń bí mi, n kò mọ ohun tó ń bí mi nínú." Ó tún okùn àpò náà ṣe, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. "Jẹ́ ká lọ gbé e kọ́ padà. Ọwọ́ rẹ ló máa ń tètè bá ìṣó yẹn."

Gbogbo èèyàn gbé ẹsẹ̀, wọ́n ń lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yìn wọn ni Baba Olóorun ti dìde.

"Ohun mìíràn tí mo fẹ́ sọ ni pé, bí ẹ bá ń jáde, àtẹ̀gùn ìta yẹn…"

Ó jókòó, ó sùn.

Kábíyèsí tó ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè gbé e padà wálẹ̀. Káfíńtà yẹra fún àtẹ̀gùn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n padà síjòókòó wọn, tí ẹnikẹ́ni kò sì rojọ́. Fínnífínní sún sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí àga kan ṣoṣo náà, Kíákíá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n gbé àpò sáàárín, wọ́n jọ ń retí kí Baba jí.